Bí ẹ ṣe máa gbé ìjà Napoleon sórí tábìlì nígbà tí ogun yẹn ṣì ń lọ lórí máàpù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn sójà kékeré, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ọ̀pọ̀ ìgbà tá a bá ń to sójà sórí tábìlì, bí ẹni fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù la ṣe ń tò ó, mọ́kànlá níbí, mọ́kànlá lọ́hùn-ún, pápá tẹ́jú, ó yá, ẹ fọn fèrè. Kò burú, èmi náà ń ṣe é. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìjà yẹn wà nínú ogun tó ti bẹ̀rẹ̀ látàná tí yóò sì tún kù lọ́la, tẹ́ ẹ bá tò ó báyẹn ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ojú mi ló rí i. Lọ́dún tó kọjá a bẹ̀rẹ̀ ogun June 1815, àwa márùn-ún, èmi ni rẹfirí, ìjà àkọ́kọ́ tá a gbé sórí tábìlì mo pín sójà lọ́gbọọgba kí wọ́n má bàa sọ pé mo ń ṣojúsàájú, ká tó ṣeré wákàtí mẹ́ta wọ́n ti pa ara wọn tán, Faransé ku bàtálíọ̀nù méjì, ìyẹn ẹgbẹ́ sójà méjì péré, Gẹ̀ẹ́sì ku ẹyọ kan, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín wọ́n ń ya fọ́tò. Mo wá ní ó dáa, ta ló máa jà lọ́la? Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Torí náà nǹkan tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí ogun tó wà lórí máàpù ṣe máa bí ìjà sórí tábìlì fúnra ẹ̀, tí ìjà yẹn á sì tún padà sórí máàpù láìsọnù. Mo máa pe gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ní ogun, èyí tá a fi sójà kékeré ṣe lọ́jọ́ kan ni mo máa pè ní ìjà, kó má bàa dàrú mọ́ wa lójú.

Ẹ mú ogun tí ọwọ́ yín máa ká

Ẹ má fi Russia 1812 bẹ̀rẹ̀ o. Mo mọ̀ pé ó wuni, yìnyín, Moscow tó ń jó, àmọ́ oṣù mẹ́fà nìyẹn, kẹ́ ẹ tó dé Smolensk ọ̀kan nínú yín á ti ṣègbéyàwó, ẹlòmíì á ti kó lọ sílùú míì. Ogun June 1815 ló dáa jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ní June 15, Napoleon sọdá odò Sambre ní Charleroi tòun ti ọmọ ogun tó lé ní 120,000. Wellington tó kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti alájọṣe wọn, àti Blücher tó kó àwọn Prussia ará Jámánì, ló wà níwájú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá da tiwọn pọ̀ ó ju 200,000 lọ, àmọ́ ńṣe ni wọ́n fọ́n káàkiri Bẹ́ljíọ̀mù, ọgbọ́n ọkùnrin náà ò sì ju pé kó já sáàárín àwọn méjèèjì, kó na ọ̀kan kí èkejì tó dé. June 16, ìjà méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Ligny àti Quatre Bras. June 18, Waterloo, tí Wavre sì ń lọ lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni gbogbo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ wá máàpù àgbègbè yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá. Àwọn kan máa ń fa ìlà onígun mẹ́rin kún orí ẹ̀, èmi ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí sójà ayé ìgbà yẹn ò lè kó àgbá gba inú oko kọjá bó ṣe wù ú, títì ló ń tọ̀. Àwọn ìlú àti oríta ni mo máa ń fi àmì róbótó sí, màá wá fi ìlà so wọ́n pọ̀: Charleroi, Gosselies, Frasnes, Quatre Bras, Genappe, Mont-Saint-Jean, títí dé Brussels, lápá ọ̀tún Fleurus, Ligny, Sombreffe, Gembloux, Wavre, lápá òsì Nivelles. Ẹ kọ kìlómítà sára ìlà kọ̀ọ̀kan. Charleroi sí Quatre Bras tó bíi 20, Quatre Bras sí Sombreffe bíi 12. Ẹ tẹjú mọ́ ìkejì yẹn, ara títì tó ti Nivelles lọ sí Namur ni, òun ni okùn tó so Wellington mọ́ Blücher, ẹni tó bá ti gé e ti yà wọ́n nípá nìyẹn. Ìdí tí oríta Quatre Bras, tí ilé ibẹ̀ ò ju mélòó kan lọ, fi di ibi tí èèyàn ń kú sí nìyẹn.

Mo pín ọjọ́ sí mẹ́ta: òwúrọ̀ di ọ̀sán, ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, òru. Nínú ìpín ojúmọmọ kan ẹlẹ́sẹ̀ á rin 12 km lórí títì, ẹlẹ́ṣin á rin 18. Tójò bá rọ̀, ẹ gé e sí méjì. Wọ́n lè rìn lóru tó bá wù wọ́n, àmọ́ ẹ fi àmì pupa sí wọn lára pé wọn ò sùn, àmì yẹn á bá wọn dórí tábìlì.

Àṣẹ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, ó sì gbọ́dọ̀ lè sọnù

Èmi ń gbé ní Manchester, àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣe Blücher wà n'Íbàdàn, àwọn yòókù wà nítòsí mi níbí. WhatsApp la fi ń ṣe é. Èmi nìkan ni wọ́n ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí, wọn ò gbọ́dọ̀ pe ara wọn, àfi tí ọ̀gágun méjì bá wà nínú ìlú kan náà lórí máàpù. Tí Wellington bá fẹ́ bá Blücher sọ̀rọ̀, kó kọ lẹ́tà, lẹ́tà á gun ẹṣin, ẹṣin á rin 10 km ní wákàtí kan, màá ju dáìsì: 1, oníṣẹ́ ò dé mọ́ láéláé, 2, ó ṣìnà, ẹ fi ìpín kan kún un, 3 sókè, ó dé.

Àwọn kan á ní wàhálà yìí pọ̀ jù. Ẹ wo d'Erlon, ọ̀gágun Faransé kan, ní June 16. Bíi 20,000 èèyàn ló kó lẹ́yìn, ó ń lọ bá Ney, ọ̀gágun Napoleon tó wà ní Quatre Bras, wọ́n ní kó yà sọ́nà Ligny, ó yà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀ tán, Ney tún ránṣẹ́ pè é padà, ó padà, ilẹ̀ ṣú. Ìjà méjì lọ́jọ́ kan, kò jà nínú ìkankan. Ọ̀tá kọ́ ló ṣe é, lẹ́tà ni. Tí eré yín ò bá lè bí irú nǹkan báyìí, a jẹ́ pé lúdò lẹ ń ta.

Nígbà kan wọ́n mú iná lọ n'Íbàdàn, fóònù àbúrò wa kú, àṣẹ ò dé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró dè mí." Mo ní rárá o, oníṣẹ́ ẹ ti já bọ́ lórí ẹṣin, àwọn ọmọ ogun ẹ á sùn síbi tí wọ́n wà. Ó bínú, ó bínú gan-an ni, àmọ́ ṣebí Blücher fúnra ẹ̀ já bọ́ lórí ẹṣin ní Ligny, ẹṣin tún wó lé e, kí ni ti oníṣẹ́?

Rẹfirí tó mọ ohun gbogbo yìí kì í ṣe nǹkan tá a dá sílẹ̀ láàárọ̀ yìí. Àwọn Prussia ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 1824 ọ̀dọ́ ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ àgbá wọn, von Reisswitz, gbé eré ogun orí máàpù jáde, ìwọ̀n 1:8,000, ìṣẹ́jú méjì ojú ogun ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, rẹfirí nìkan ló ń rí gbogbo ẹ̀. Müffling tó jẹ́ ọ̀gá àgbà wọn nígbà yẹn ló tẹ́wọ́ gbà á pé kí gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun máa fi kọ́ṣẹ́, ẹ sì mọ̀ pé Müffling yìí kan náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wellington ní 1815 gẹ́gẹ́ bí aṣojú Blücher. Ojú ẹ̀ ti rí ohun tí lẹ́tà tó pẹ́ máa ń dá sílẹ̀.

Ìgbà wo ni ìjà máa dórí tábìlì?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí àwọn méjì bá pàdé lórí máàpù. Ẹlẹ́ṣin mẹ́ta tó rí ẹlẹ́ṣin márùn-ún lókèèrè, dáìsì kan ti tó. Mo máa ń bi àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, níkọ̀kọ̀: ṣé ẹ máa kọlù wọ́n ni, ṣé ẹ máa dúró, àbí ẹ máa fà sẹ́yìn? Tí ẹnì kan bá ní òun ń fà sẹ́yìn tí ẹnì kejì sì ní òun ń lé e, ìjà àwọn tó ń dẹ́yìn nìyẹn, ẹ gbé e sórí tábìlì kékeré, ìdajì wákàtí ti tó. Tí apá kan bá pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta èkejì, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà títo sójà, ẹ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Àyàfi tí ìrànlọ́wọ́ bá ń bọ̀ lọ́nà. Ibẹ̀ gan-an ni adùn wà.

Ṣé ẹ rí Quatre Bras, bíi aago méjì ọ̀sán ni Ney kọlù, àwọn tó wà níwájú ẹ̀ nígbà yẹn ò ju bíi 8,000 lọ, àwọn ará Netherlands tí Perponcher kó síbẹ̀. Ẹni tó bá wo iye yẹn nìkan á ní ìjà ti tán. Àmọ́ Picton tó jẹ́ ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì dé, àwọn sójà Brunswick láti Jámánì dé, wọ́n ń dé ṣáá, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ àwọn tó wà lọ́dọ̀ Wellington ti lé ní 30,000, Ney ni wọ́n wá pọ̀ jù. Irú ìjà báyìí ò gbọgba rárá níbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni lè borí nínú ẹ̀. Torí náà tí ọ̀kan bá wá bá yín pé "rẹfirí, èyí ò gbọgba," ẹ sọ fún un pé máàpù ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yin.

Iye sójà, àti bí ilẹ̀ ṣe máa tóbi tó

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìṣe, torí náà ẹ ní sùúrù fún mi.

Ẹ mú bàtálíọ̀nù kan tó ní 600 èèyàn. Faransé máa ń tò ní ìlà mẹ́ta, lẹ́yìn ara wọn, ìyẹn túmọ̀ sí pé 200 ló dúró níwájú. Ẹnì kan gba nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà pẹ̀lú èjìká. 200 lọ́nà 60, mítà 120. Tí béèsì yín, ìyẹn páálí tẹ́ ẹ lẹ sójà mọ́, bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, tẹ́ ẹ sì ní béèsì kan ni bàtálíọ̀nù kan, a jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí tábìlì jẹ́ mítà 20 lórí ilẹ̀. Gbogbo nǹkan yòókù tibẹ̀ jáde. Tábìlì tó gùn ní 180 tó fẹ̀ ní 120 á di 3.6 km sí 2.4 km. Ìbọn ìgbà yẹn, tí ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ṣakabùlà tá a mọ̀ nílé, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́ tó bá ti kọjá 100 mítà, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Àgbá tó dáa á dé bíi 900 mítà, ìyẹn 45. Tí ẹnì kan bá wá ń yìnbọn ẹlẹ́sẹ̀ láti ìparí tábìlì dé ìparí, ẹ gba rúlà lọ́wọ́ ẹ̀. (Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìlà méjì ni wọ́n máa ń tò, torí náà tiwọn fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò kì í yí béèsì wọn padà, mo kàn ń fún wọn ní dáìsì kan sí i tí wọ́n bá ń yìnbọn.)

Ó wá kan iye. 8,000 ti Quatre Bras, ẹ pín in sí 600, béèsì 13, tábìlì gbà á dáadáa. Àmọ́ Ligny ńkọ́? Blücher nìkan ní bíi 84,000 níbẹ̀, Napoleon bíi 68,000. 84,000 sí ọ̀nà 600, béèsì 140! Ta ló kun ìyẹn? Kò sẹ́ni tó lè gbé 140 béèsì láàárín ọ̀sán kan kó má bínú. Nírú ìjà tó tóbi bẹ́ẹ̀ ẹ yí ìwọ̀n padà, béèsì kan di bìrìgéèdì, 2,500 èèyàn. Ó di 34 sí 27. Ẹ kàn ní láti fa ilẹ̀ náà mọ́ra, kí ìbọn ẹlẹ́sẹ̀ di nǹkan tẹ́ ẹ ń ṣe nígbà tí béèsì bá kan béèsì. Nǹkan tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ dín iye kù lápá kan kó lè bá iye sójà tẹ́ ẹ ti kùn mu. Tí sójà ò bá tó, ẹ gé páálí, ẹ kọ orúkọ sí i. Sójà páálí ò ní jẹ́ kí ogun yín purọ́.

Ní ti ìwọ̀n sójà fúnra wọn, 28mm lẹwà, ojú, bọ́tìnì, gbogbo ẹ̀ lẹ máa rí, àmọ́ owó ni, àkókò ni. 6mm ni mo fi ń ṣe ogun gígùn. Èmi kì í kun ojú wọn, ta ló ń wo ojú èèrà?

Ilẹ̀

Ẹ padà sí máàpù, ẹ wo àmì róbótó tí wọ́n ti pàdé, ẹ ya ilẹ̀ ibẹ̀ síta. Kì í ṣe gbogbo igi. Ohun tó lè dí ojú, ohun tó lè dí ẹsẹ̀, ohun tí èèyàn lè sá sí. Ní Quatre Bras, ìyẹn á jẹ́ títì méjì tó dábùú ara wọn, igbó Bossu lápá òsì Ney, ilé oko Gemioncourt tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín, odò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkà. Lóṣù June ọkà rye ibẹ̀ ga tó èèyàn, sójà wọ inú ẹ̀ kò ríran, ẹlẹ́ṣin yọ sí wọn lójijì kí wọ́n tó ráyè tò ní onígun mẹ́rin, bí ẹlẹ́sẹ̀ ṣe máa ń gba ara wọn lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin. Ẹ fi èyí sórí tábìlì o! Aṣọ ìnujú aláwọ̀ ìyẹ̀pẹ̀ kan tẹ́ ẹ bá tẹ́ sílẹ̀ ti tó fún oko ọkà: ohunkóhun tó wà nínú ẹ̀, ẹ má fi hàn títí ọ̀tá fi máa sún mọ́ ọn ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún.

Òkè ni ẹ̀ ń wá? Ìwé lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Igbó, fóòmù àtijọ́ tẹ́ ẹ já wẹ́lẹwẹ̀lẹ tẹ́ ẹ rẹ sínú àwọ̀ ewé. Odò, ọ̀rá búlúù. Mo ti rí àwọn tó ná owó gọbọi sórí igi kéékèèké, ó lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ wọn ò jẹ́ ká rí ibi tá a máa gbé béèsì sí.

Tójò bá ti rọ̀ lórí máàpù lóru, ilẹ̀ tábìlì gbọ́dọ̀ tutù. Òjò tó rọ̀ ní June 17 ló mú kí Napoleon dúró di nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ Waterloo, àgbá ò ṣeé fà, ọta tó bá balẹ̀ kì í ta padà, ńṣe ló ń rì sínú ẹrẹ̀. Nítorí náà: àgbá rìn ìdajì, dáìsì àgbá dín ẹyọ kan, ìjà pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ta ló ti wà níbẹ̀, ta ló ń bọ̀

Èyí ni mo bà jẹ́ jù nígbà àkọ́kọ́, torí náà mo máa rọra sọ ọ́.

Èèyàn máa ń rò pé tí àmì tó dúró fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan bá dé ìlú kan lórí máàpù, gbogbo wọn ti dé. Irọ́. Iwájú ló dé, ìdí ṣì wà lẹ́yìn. Èmi ń ka kìlómítà kan fún ẹlẹ́sẹ̀ 2,500 lórí títì, láì tíì ka àgbá àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Corps (ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá tó ní dìfíṣọ̀n mélòó kan, tí dìfíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan sì ní bìrìgéèdì mélòó kan) tó ní 20,000, kìlómítà mẹ́jọ nìyẹn, ẹ pe gbogbo ẹ̀ ní mẹ́wàá pẹ̀lú ẹrù. Tí orí ẹ̀ bá dé ojú ìjà láago méjì, ìrù ẹ̀ ò ní dé kó tó kọjá aago mẹ́rin ààbọ̀. Torí náà bìrìgéèdì kan, ìdajì wákàtí, bìrìgéèdì míì. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ ká a sínú àpòòwé, ẹ kọ aago sí ẹ̀yìn ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìdajì wákàtí, ẹ ṣí àpòòwé tó kàn, ẹ ju dáìsì kan: 1, ó pẹ́ sí i ní ìdajì wákàtí; 6, ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo ṣe nígbà yẹn rèé. Mo jẹ́ kí dìfíṣọ̀n mẹ́ta gba Genappe kọjá láàárín wákàtí kan. Genappe ní afárá kan lórí odò Dyle, afárá tóóró. Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń ṣe Ney wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ rẹfirí yìí, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn àbí wọ́n wọ bàálù?" Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ni. "Lórí afárá kan ṣoṣo? Gbogbo wọn?" Ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀. Wọ́n jàre mi. Látìgbà yẹn gbogbo afárá tó wà lórí máàpù mi ló ní nọ́ńbà lára, iye èèyàn tó lè gbà á kọjá ní wákàtí kan, tí ẹni méjì bá dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á dúró.

Àwọn tó ti wà níbẹ̀, ẹ má gbé sójà wọn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bébà pélébé tó ní nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀gágun kọ̀ọ̀kan fi mẹ́ta tó jẹ́ òfìfo kún tiẹ̀. Tí ẹlẹ́ṣin ọ̀tá bá sún mọ́ ọn tó, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ fi sójà rọ́pò ẹ̀, tó bá jẹ́ òfìfo ẹ kó o kúrò. Àbúrò tó ń ṣe Wellington gbé òfìfo méjì sẹ́yìn igbó Bossu, Ney fi odidi wákàtí kan bẹ̀rù bébà. Wọn ò tíì dárí jì í.

Ẹ fún kálukú ní ìdí tó fi wá

Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí apá kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn méjì péré, tó jáde látinú ohun tí àwọn fúnra wọn kọ lórí máàpù. Ẹ má kọ "na ọ̀tá." Ti Ney lè jẹ́: "Gba oríta, kí o sì dá 20,000 kan sí tí wàá lè fi ránṣẹ́ sọ́nà ọ̀tún kí ilẹ̀ tó ṣú." Ti Wellington: "Di oríta mú títí di aago mẹ́jọ, Blücher nílò ẹ̀." Ẹ rí i, ẹnì kan lè gba ohun tó fẹ́ láìpa ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì tún lè gba tiwọn. Àwọn méjèèjì tún lè pàdánù, mo ti rí i.

Ẹ wá kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ fún corps kọ̀ọ̀kan: tí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ bá ti bà jẹ́, ọ̀gá ẹ̀ gbọ́dọ̀ ju dáìsì ní gbogbo ìdajì wákàtí kó tó lè kọlù ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn tó ní àmì pupa, tí wọ́n rìn lóru, ìdá kan nínú mẹ́rin ti tó láti dá wọn dúró. Oòrùn wọ̀, ìjà tán. Ẹ má fi wákàtí kankan kún un torí pé ó ń dùn.

Nígbà tí ìjà bá ń lọ

Òfin ìjà tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ lò, ó pọ̀, mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ fi kún un ni pé ẹnikẹ́ni lè ní "mò ń lọ." Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má bú u, ẹ má ní ó sá. Àwọn tó fẹ́ fà sẹ́yìn gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ẹni kan nínú mẹ́rin sílẹ̀ láti dẹ́yìn de àwọn yòókù, àgbá ló máa kọ́kọ́ lọ, ẹlẹ́ṣin ló máa lọ kẹ́yìn. Ìgbà kejì tá a jà ní Quatre Bras, ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe Ney dìde láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ orí tábìlì, ìdajì sójà wọn ò tíì yìnbọn kankan, wọ́n ní àwọn ń kó lọ. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń wò wá bi mí pé ta ló wá borí? Mo ní mi ò mọ̀, kó dúró di Sátidé. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú.

Lẹ́yìn ìjà

Ẹ má kó sójà padà sínú àpótí o, ẹ ya fọ́tò tábìlì látòkè ná. Lẹ́yìn náà ẹ ka àwọn béèsì tó kúrò. Gbogbo wọn kọ́ ló kú. Ẹlòmíì sá lọ, ẹlòmíì ń wá ẹgbẹ́ ẹ̀ nínú òkùnkùn, ẹlòmíì ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ lọ sẹ́yìn kò sì padà wá mọ́. Nínú béèsì mẹ́fà tó kúrò, méjì ti lọ pátápátá. Mẹ́rin tó kù: tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sùn sórí pápá ìjà, mẹ́ta á padà ní òwúrọ̀, tẹ́ ẹ bá rọra fà sẹ́yìn, méjì, tí ẹlẹ́ṣin ọ̀tá bá lé yín kúrò níbẹ̀, ẹyọ kan, tó bá wù ú.

Àwọn tó lé ọ̀tá náà gbọ́dọ̀ san nǹkan kan fún un, ẹlẹ́ṣin tó bá lé èèyàn lóru máa ní àmì pupa lọ́jọ́ kejì. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń jókòó sílẹ̀ nìyẹn, bí Faransé ṣe jókòó lóru June 16. Blücher pàdánù bíi 16,000 ní Ligny, ẹgbẹẹgbẹ̀rún míì sá lọ sọ́nà Liège, ẹnikẹ́ni tó bá wo tábìlì yẹn á ní ó ti parí fún un. Àmọ́ ìyókù gba àríwá lọ sí Wavre, kò gba ìlà oòrùn bí wọ́n ṣe rò, ó di nǹkan bí ọ̀sán ọjọ́ kejì kí Grouchy, ọ̀gágun Napoleon kan, tó gbéra tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú bíi 33,000, ní June 18 àwọn Prussia sì ti wà ní Plancenoit, abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Waterloo, tí wọ́n ń gbá Napoleon lẹ́gbẹ̀ẹ́. Torí náà ẹ rí i dájú pé ẹni tó sá kọ ọ̀nà tó gbà sílẹ̀ fún rẹfirí nìkan. Ẹni tó borí ò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, àfi tó bá rán amí lọ wò ó.

Ẹ̀tù àti ọta náà wà níbẹ̀. Corps tó jà fún ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹ fi àmì dúdú sí i. Kò lè kọlù ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ kejì títí kẹ̀kẹ́ ẹrù ẹ̀ fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kẹ̀kẹ́ yẹn wà lórí títì kan náà tí gbogbo ayé ń rìn, ẹ̀yin náà ti mọ bí ìyẹn ṣe máa rí.

Ẹ kó béèsì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tiẹ̀, ẹ kọ iye tó kù sára ẹ̀ pẹ̀lú bírò, ẹ gbé àmì wọn padà sórí máàpù. Ìpín òru ló kàn. Èmi máa ń fún wọn títí di aago mẹ́wàá alẹ́ kí wọ́n fi àṣẹ ọjọ́ kejì ránṣẹ́, aago mẹ́wàá ti Manchester o, kì í ṣe ti Ìbàdàn. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá dé, sójà ẹ̀ á sùn síbi tó wà.